Àkóràn Bakitéríà Ojú Ara Obìnrin àti Ipa Ọkọ
Àkóràn bakitéríà ojú ara ni àìsàn tó ń ṣe obìnrin nígbà tí Lactobacillus, kòkòrò àìfojúrí tó ń dáàbò bo ojú ara, bá dínkù, tí àwọn mìíràn bíi Gardnerella sì gbilẹ̀. Ọkùnrin lè gbé irú kòkòrò wọ̀nyí lábẹ́ awọ orí okó láìmọ̀. Ìwádìí Rakai ní Ùgáńdà, tó jáde ní 2009, fi hàn pé ìdábẹ́ ọkọ dín àìsàn náà kù lára ìyàwó. Ní Ọsirélíà, ìwádìí 2025 fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ 12, àìsàn náà padà sára ìdá 63 nínú 100 obìnrin tí a tọ́jú láìtọ́jú ọkọ wọn, àmọ́ ìdá 35 péré níbi tí ọkọ náà ti lo metronidazole àti ìpara clindamycin fún ọjọ́ 7.