Láti ẹ̀yìnkùlé dé wọ́tà sísítẹ́ẹ̀mù: ìtàn omi tó ń dínà òórùn

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ ni mo gbé wá lónìí. 🧵
Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí màmá mi àgbà n'Ìkẹ́rẹ́. Bí oúnjẹ alẹ́ bá ti dé, wọ́n á ní àwọn ò jẹ. Mo rò pé ara wọn ò yá ni. Àṣé wọn ò fẹ́ kí ìgbẹ́ gbọ̀n wọ́n lóru ni.

2/ Wọ́tà sísítẹ́ẹ̀mù wà nínú ilé o. Owó kòkó ni bàbá àgbà fi ṣe é. Ṣùgbọ́n òórùn tó ń jáde nínú balùwẹ̀ yẹn ò ṣeé fara dà, wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ṣálángá àtijọ́ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń lọ, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Bọ̀dá púlọ́ḿbà kan wá wò ó, ó ní ká fọ́ àwo, ká tú gbogbo páìpù. Ẹ ò fẹ́ gbọ́ iye tó pè é.

3/ Èmi tí mò ń fi fóònù ṣe fídíò jẹun, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Inú ìtàn ni mo ti rí ìdáhùn. Ẹ tẹ̀ lé mi.

4/ Kí ilé ìgbẹ́ tó dé, ẹ̀yìnkùlé, ààtàn àti igbó ni àwọn baba ńlá wa ń lọ. Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń bo ọ̀rọ̀ náà: "Mo fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé." "Mo fẹ́ gbọnsẹ̀." Kò sí "ilé ìgbẹ́" nínú méjèèjì. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n o. N'Ífẹ̀, ó ti lé ní 600 ọdún tí wọ́n ti ń fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ, oòrùn àti ilẹ̀ ló ń palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́. Ìgbà tí ìlú kún ni wàhálà dé.

5/ Àwọn òyìnbó náà jìyà ẹ̀ gan-an. Lọ́dún 1596, John Harington kọ̀wé nípa ilé ìgbẹ́ olómi tó ṣe, ó sì ṣe irú rẹ̀ fún Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ìdọ̀tí ń lọ, àmọ́ òórùn ń padà wá. Lọ́dún 1775 ni Alexander Cumming, ará Scotland tó ń ṣe aago ní London, gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n kan: ó tẹ ọrùn páìpù abẹ́ àwo bí ọrùn lékèélékèé, kí omi díẹ̀ lè máa dúró síbẹ̀. Ìdọ̀tí á kọjá, omi á dúró, òórùn ò ní rọ́nà gbà gòkè.
Ẹ fi èyí sọ́kàn: omi yẹn ni ilẹ̀kùn.

6/ Síbẹ̀, ibi tí ìgbẹ́ ń lọ ṣì jẹ́ ìṣòro. Inú odò Thames ni London ń da tirẹ̀ sí, títí òórùn fi fẹ́ẹ̀ lé àwọn aṣòfin kúrò nílé ìgbìmọ̀ lọ́dún 1858. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà kí wọ́n la gọ́tà abẹ́ ilẹ̀.

7/ L'Ékòó ńkọ́? Omi ẹ̀rọ Ìjù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1910, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, agbépóò ló ń fi orí ru ìgbẹ́ àwọn ará ìlú lóru. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tiẹ̀ wà tó ń kó o lọ dà sínú ọ̀sà. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ agbépóò gan-an nìyẹn.

8/ Lọ́dọ̀ tiwa, wolé-wolé ni àwọn àgbà ń rántí. Wọ́n á yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á tún bi ọ́ pé ṣálángá rẹ dà. Ṣé ẹ mọ Ìkẹ́rẹ́ ṣá? Ìlú tí Olósùnta dúró tì! Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ kan àpáta. Ìṣòro kan náà ló ń bá ẹni tó ń gbẹ́ kànga.

9/ Nígbà tí owó kòkó dé, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Ẹmùré, ilé olówó ò pé láìsí àwo funfun. Àwo dé, omi ẹ̀rọ ò dúró. Táǹkì ẹ̀yìn àwo di ibi tí wọ́n ń gbé ọṣẹ lé, garawa sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Ní November 2018, Ààrẹ Buhari kéde pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó. Ìwádìí ọdún náà ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 47 ló ń yàgbẹ́ síta gbangba ní Nàìjíríà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ sí àṣẹ pé kó dópin ní 2025. Àmọ́ àṣẹ ò lè pọn omi.

10/ Mo bá padà sí balùwẹ̀ Màmá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ihò ilẹ̀ tí omi ìwẹ̀ ń bá lọ sí sókàwéè, òun náà ní ọrùn tirẹ̀. Ó ti gbẹ táútáú! Ìdí kànga ni Màmá ń wẹ̀ kí wọ́n má baà gbé omi wọlé, ọyẹ́ sì fa ìyókù gbẹ. Omi ọrùn àwo náà ti fẹ́ẹ̀ tán. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, a fẹ́ lọ fọ́ ògiri.

11/ Mo da garawa omi kan síbẹ̀, ọ̀kan sínú àwo. Mo bu òróró ṣíbí méjì lé omi ihò ilẹ̀, kó má baà tètè gbẹ. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn ti lọ.

12/ Ẹ̀yin tí omi ń yọ nílé yín, ẹ gba díẹ̀ sí i:
• Táǹkì ń sun omi ní gbogbo ìgbà? Ẹ po búlúù aṣọ sínú rẹ̀, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má fọ̀ ọ́. Bí búlúù bá yọ nínú àwo, rọ́bà ìdí táǹkì ló ti jẹ. Owó kékeré ni.
• Omi ń kún kọjá àyè? Ẹ rẹ bọ́ọ̀lù tó léfòó sínú táǹkì sílẹ̀ díẹ̀.
• Àwo dí? Omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dúró, kí ẹ tó fi rọ́bà tì í. Ẹ má lo omi híhó, àwo lè sán.
• Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó sínú sókàwéè. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pani.
• Kí ṣálángá tàbí sókàwéè fi ó kéré tán 30 mítà jìnnà sí kànga.

13/ Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá jẹ iyán, wọ́n tún bu ọbẹ̀ kún un. Mo ní, "Màmá, ẹ rọra o." Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀ jàre, ilé ìgbẹ́ mi ò jìnnà mọ́."

Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá àgbà nílé, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ lóru. Kí ẹ sì da omi sí ihò balùwẹ̀ yẹn.