Ìsinmi ẹnu iṣẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn

Ìsinmi ẹnu iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí lífù, ni àkókò tí òṣìṣẹ́ fi ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìpàdánù owó rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó ń tu ara lára, ó wà lára ohun tí agbanisíṣẹ́ fi ń mú kí òṣìṣẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú Ìbàdàn, bí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, ohun tí àṣà kà sí ìsinmi yàtọ̀ sí èyí tí òfin kọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo ìlú jọ fi sinmi ni àṣà mọ̀. Òfin ń ka ọjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìsinmi nínú àṣà

Àpẹẹrẹ tó hàn jù ní Ìbàdàn ni ọdún Òkè'bàdàn, tó máa ń wáyé nínú oṣù Kẹta. Wọ́n ń fi í rántí òkè tí Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá sí, níbi tí wọ́n ti ń fi èso òro àti ìgbín ṣe oúnjẹ. Ní ọjọ́ náà àṣà kò gbà kí a dá iná, ọjà kì í ná, àwọn ènìyàn a sì máa kọrin èébú kiri ìgboro. Kò sí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, nítorí pé ọ̀gá pàápàá kò ṣiṣẹ́.

Ìwọ̀fà pàápàá ní àkókò tirẹ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pé ìwọ̀fà ń gbé ilé ara rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwọ̀n iṣẹ́ kan pàtó ni olówó rẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò sọ ìwọ̀fà di ohun rere, nítorí gbèsè ló so onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé pípín àkókò láàrin iṣẹ́ ẹlòmíràn àti ti ara ẹni ti wà kí iṣẹ́ oṣù tó dé.

Lọ́dọ̀ télọ̀, alágbẹ̀dẹ tàbí mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ kì í gba lífù. Àyè ló ń tọrọ. Ó lè jẹ́ fún ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí ńlá Ọjà'ba, fún Iléyá, tàbí fún ìnáwó ẹbí. Ọ̀gá tí kò bá jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ lọ sin òkú bàbá rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí ọmọ, ó sì lè pàdánù ọmọ náà kí ó tó gba fríìdọ̀mù.

Ohun tí òfin wí

Abala 18 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó, lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Fún ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 16, ọjọ́ 12 ni. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ san owó dípò ìsinmi níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn iṣẹ́ bá ṣì wà. Òfin yìí kò kan àwọn alábòójútó àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ohun tó bá wà nínú àdéhùn wọn ni tiwọn.

Ọjọ́ 6 kéré púpọ̀. Ìsìnkú òbí kan ṣoṣo lè gba ìdajì rẹ̀, ìgbéyàwó àbúrò á sì kó ìyókù lọ. Lẹ́yìn èyí, irọ́ àìsàn ló kù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọdún pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, irọ́ yìí sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó wà ní ìpele 7 sókè ní ọjọ́ 30, ìpele 3 sí 6 ní 21. Ó wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ará ìgboro fi ń fẹ́ iṣẹ́ Sẹkitéríàtì ní Agodi, bí owó oṣù rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ti ilé iṣẹ́ aládàáni.

Fún obìnrin, abala 54 fàyè gba ọ̀sẹ̀ 12 fún ìbímọ, ó kéré tán pẹ̀lú ìdajì owó fún ẹni tó ti lo oṣù 6, àti ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ìyá tó ń tajà ní Ọjà'ba kò nílò òfin yìí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sanwó fún un ní ọjọ́ tí kò bá jáde.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn

Ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 2 ní ọdún 1936. Ó ti di 5 báyìí. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó pa ìsinmi olówó láṣẹ. Ní Japan, àwọn òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ lo ọjọ́ wọn tán, débi pé láti ọdún 2019 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan kí agbanisíṣẹ́ rí i pé ẹni tó ní ọjọ́ 10 lo ó kéré tán 5.

Ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, so ìsinmi mọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní tààrà: nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ 27 nígbà tó bá wọlé, 29 lẹ́yìn ọdún 5, àti 33 lẹ́yìn ọdún 10, láìka àwọn ọjọ́ ìsinmi ìlú. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tí Nàìjíríà kọ́ níṣẹ́ ló ti lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà láàrin wọn a máa kó ọjọ́ ìsinmi wọn jọ pọ̀, kí wọ́n lè wá sílé wá sin òkú tàbí wá ṣe ìgbéyàwó.