Ewé Tútù Létí Odò Thames

Yorùbá kì í ka ewé tí iná kò kàn sí oúnjẹ àgbà. Ewúrẹ́ ní í já ewé jẹ ní tútù. Ọmọ ènìyàn a máa bọ ẹ̀fọ́, a máa fún omi rẹ̀ nù, a máa fi ata, irú àti epo bá a wí kí ó tó gbà á láyè ní ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí àwọn àgbà ti sọ fún wa pé òun náà ni ọ̀nà ọ̀run. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí Woolwich, Plumstead àti Thamesmead, létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ọmọ wọn sì ń ti ilé-ẹ̀kọ́ dé tí wọ́n ń béèrè àwo ewé tútù tí a ta òróró àti ọtí kíkan sí, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kọ́kọ́ sọ ni pé àṣà òyìnbó ni, kò kan ilé wa. Bí a bá yẹ ìtàn wò fínnífínní, a ó rí i pé àwọn òyìnbó etí odò yìí fúnra wọn ti sọ àṣà náà nù fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fi ìgò rọ́pò rẹ̀, ìgò náà ni wọ́n sì kó wá fún wa ní Èkó, kí àwa tó tún gbé e padà wá sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Ní Deptford, tí kò ju nǹkan bíi máìlì 5 lọ sí Woolwich bí a bá ń tọ odò náà lọ sókè, ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Evelyn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ilé tí a ń pè ní Sayes Court. Ọlọ́rọ̀ ni, ọ̀mọ̀wé ni, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, Royal Society, sílẹ̀ ní 1660, ṣùgbọ́n ọgbà rẹ̀ ni ó gbà á lọ́kàn ju ohun gbogbo lọ. (Ọgbà yìí kan náà ni Peter, ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bà jẹ́ ní 1698, nígbà tí ó wá wo bí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Deptford tí a sì fi í wọ̀ sí ilé náà: òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń gun ọmọlanke la ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tí Evelyn ti fi ọdún gbọọrọ tọ́ já. Ta ni yóò mú ọba?) Ní 1699, nígbà tí ó ń sún mọ́ ẹni 80 ọdún, Evelyn tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Acetaria, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, sàláàdì ni ó ń sọ. Ó to ewé àti gbòǹgbò tí ó lé ní 70 lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí babaláwo ti í sọ ìwà odù.

Ìfarabalẹ̀ ọkùnrin náà ni ó jọ mí lójú jù. Ó ní kí a ṣa ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a ju èyí tí kòkòrò ti jẹ nù, kí a bu omi wọ́n ọn dípò kí a rì í sínú omi, kí a jẹ́ kí ó ro nínú asẹ́, lẹ́yìn náà kí a dì í sínú aṣọ mímọ́, kí a sì máa fì í títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán. Ìdí rẹ̀ kò lè ṣókùnkùn sí Yorùbá tí ó mọ̀ pé òróró ní í lékè omi: ewé tí omi bá wà lára rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí òróró dì mọ́ òun, gbogbo adùn náà yóò sì ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ àwo. Òróró ólífì ìwọ̀n mẹ́ta, ọtí kíkan tàbí omi ọsàn ìwọ̀n kan ṣoṣo, iyọ̀, músítádì, àti pupa ẹyin sísè tí a gún kúnná, ni ó kà sílẹ̀. Kò sì gbà kí a pò ó nínú àwo irin, nítorí ohun kíkan a máa jẹ irin, irin náà a sì máa ba ohun kíkan jẹ́. Mẹ́ta sí ọ̀kan yìí náà ni àwọn ará Faransé ń lò títí di òní fún ohun tí wọ́n ń pè ní vinaigrette. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní ilé rẹ̀, inú ọtí kíkan ni yóò kọ́kọ́ da iyọ̀ sí, nítorí iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Músítádì ni yóò tẹ̀ lé e, òun ni alárinà tí yóò bá àwọn ọ̀tá méjèèjì làjà. Òróró ni yóò wá máa kán sí i ní díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa lù ú kíkankíkan títí yóò fi ki bí oyin tí ó fẹ́ dì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò di ọgbọ́n yìí mú. Brillat-Savarin, adájọ́ ilẹ̀ Faransé tí ó fẹ́ràn oúnjẹ dójú ikú, ròyìn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1825 nípa ọ̀gbẹ́ni d'Albignac, ìjòyè tí ìjà àwọn ará ìlú sí ọba lé kúrò ní Faransé wá sí Lọ́ńdọ̀nù láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ní ilé oúnjẹ kan ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́lá kan ti bẹ̀ ẹ́ pé, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ọmọ Faransé, kí ó jọ̀wọ́ bá wọn po sàláàdì. Ó pò ó, wọ́n fún un ní pọ́n-ùn 5. Kò pẹ́, kò jìnnà, ọkùnrin yìí ti ní ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, ó ti ní ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń gbé àpótí igi mahógánì tẹ̀ lé e, tí oríṣiríṣi òróró àti ọtí kíkan kún inú rẹ̀, ó sì ń ti ilé ọlọ́lá kan bọ́ sí òmíràn ní alaalẹ́. Nígbà tí yóò fi padà sí ìlú rẹ̀, owó rẹ̀ ti lé ní 80,000 fránkì. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ; ṣùgbọ́n ewé tirẹ̀ kò tilẹ̀ pẹ́ tí ó fi di wúrà.

Àwọn mẹ̀kúnnù kò rí irú d'Albignac pè. Ewé tútù tiwọn ni watercress, ewé etí omi tí ó máa ń ta lẹ́nu bí ata, tí William Bradbery kọ́kọ́ gbìn fún títà ní 1808 ní Springhead, lẹ́bàá Northfleet, ní ìsàlẹ̀ odò kan náà. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, láìsí òróró, láìsí ohunkóhun. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ni ó ń kiri rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, akọ̀ròyìn Henry Mayhew sì kọ ìtàn ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 8, sínú ìwé rẹ̀ ní 1851. Ní ìhà Woolwich, ilẹ̀ àbàtà Plumstead àti Erith, tí àwọn àlùfáà Lesnes Abbey ti fa omi rẹ̀ gbẹ láti ọ̀rúndún kẹtàlá kí ó lè di ilẹ̀ oko, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ọba, Royal Arsenal, ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà ogun 1914, nǹkan bí 80,000 òṣìṣẹ́ ni ó ń rọ ọta àti àgbá níbẹ̀. Ẹni tí ó fi ọjọ́ gbogbo ki ẹ̀tù sínú ọta kò ní í délé kí ó máa fì ewé nínú aṣọ.

Ìgbà náà gan-an ni ìgò dé. Ilé-iṣẹ́ Heinz ti Amẹ́ríkà ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1905, níbo sì ni? Ní Peckham, tí àwa Yorùbá ń pè ní Èkó kékeré lónìí. Ní 1914 ni wọ́n gbé salad cream jáde fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹyin, ọtí kíkan, òróró, músítádì àti ṣúgà, tí a ti pò pọ̀ tán, tí ẹnikẹ́ni lè dà sórí ewé láìmọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí ogun kejì dé tí ìjọba ń wọn ọ̀rá àti ẹyin fún aráàlú, tí ìwọ̀n náà kò sì tán pátápátá títí di 1954, òróró ólífì ti di ohun tí wọ́n ń rà nínú ìgò kékeré lọ́dọ̀ apòògùn fún etí dídùn. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín nígbà gbogbo: ìlú Evelyn, tí ó ń wọn òróró mẹ́ta sí ọ̀kan, ó wá ń fi í kán etí.

Ìgò yẹn ni ó bá ọkọ̀ wá sí Èkó. Àwọn kúùkù tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó ìjọba ni ó kọ́kọ́ mọ ìtọ́jú ewé tútù láàrin wa, ọ̀gá wọn a sì máa kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi tí a fi pọ́tásíọ̀mù pọ̀ḿángánéètì sí, tí omi náà yóò pupa rúsúrúsú, nítorí ìbẹ̀rù ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Láti ilé ìdáná wọn ni sàláàdì ti bọ́ sí ilé àwọn ọ̀làjú, láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ọjọ́ Kérésìmesì àti ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi dé ọwọ́ wa, a ti sọ ọ́ di oúnjẹ gidi: kábéèjì tí a gé wẹ́wẹ́, káróòtì, kùkúńbà, ẹyin sísè, ẹ̀wà inú agolo, sàdíìnì, tí a wá da salad cream lé gbogbo rẹ̀ lórí. Èmi kò bú u o. Síbẹ̀, ẹ̀fọ́ yánrin, tí ó jẹ́ ìbátan lẹ́tíùsì gan-an, wà ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ń jẹ ẹ́ ní tútù. Àwa ní tiwa, a bọ̀ ọ́, a fún ìkorò rẹ̀ nù, a fi ẹ̀gúsí rò ó. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Royal Arsenal ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1967. Ní 1968 ni ìdílé àkọ́kọ́ kó wọ Thamesmead, ìlú tuntun tí ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kọ́ sórí àbàtà náà, tí a gbé ọ̀nà rẹ̀ sókè nítorí ìkún omi 1953. Àwọn ará Vietnam tí ogun lé kúrò nílé bá wọn gbé ibẹ̀, àwọn tí í jẹ ewé olóòórùn dídùn ní tútù pẹ̀lú oúnjẹ wọn gbogbo. Láti bí ọdún 1990 síwájú ni tiwa pọ̀ sí i, láti Peckham àti Deptford, tí ilé sinimá ńlá Granada ti 1937 ní Woolwich fi di ilé ìjọsìn, tí tẹ̀tẹ̀ tí kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ewúro àti ṣọkọ fi ń wà lórí àtẹ ní òpópónà Plumstead. Àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀.

Dókítà ni ó dá òróró àti ọtí kíkan padà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọ àwọn àgbà lẹ́nu, tí a sì ń sọ fún wọn pé ṣúgà wà nínú ìgò tí wọ́n fẹ́ràn, àwọn ìyá Thamesmead bẹ̀rẹ̀ sí í po tiwọn. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é: ìgò jáàmù tí ó ṣófo, òróró, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún dípò ọtí kíkan, iyọ̀, músítádì ṣíbí kékeré kan, àti ata rodo kan tí a rin mọ́ ọn, nítorí ẹnu Yorùbá kò lè ṣe aláìta; wọ́n á dé ìgò náà, wọ́n á mì í jìgìjìgì, ó parí. Evelyn kò bá wọn jiyàn, nítorí òun náà gba omi ọsàn láyè.

Ṣùgbọ́n àárín ọ̀sẹ̀ nìkan ni òróró yìí ń jọba. Ní ọjọ́ Sátidé, bí ìnáwó bá wà ní gbọ̀ngàn kan ní Woolwich, salad cream náà ni. Ẹni tí ó bá sọ pé àìlajú ni kò mọ ohun tí ó ń sọ: ewé tí a bá ti ta ọtí kíkan sí kò lè pé wákàtí kan tí yóò fi rọ, tí yóò sì sunkún sí ìsàlẹ̀ àwo, nígbà tí ìwé ìpè ìnáwó wa máa ń kọ aago méjì ọ̀sán, tí olórin yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa so wáyà rẹ̀ ní aago márùn-ún. Aláṣè tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ewé tí a ti pò dúró de ẹni tí kò tíì wé gèlè tán; àwo ewé tí a kò tíì ta nǹkan kan sí ni yóò gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí oníkálukú dà á fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá dé.