Sir William Dolben: Ọkùnrin Tó Lọ Fojú Ara Rẹ̀ Wo Ọkọ̀ Ẹrú

Tá a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó bá òwò ẹrú jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wilberforce la máa ń dárúkọ. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sir William Dolben.

Ọdún 1727 ni wọ́n bí i. Onílẹ̀ ńlá ni, Finedon ní Northamptonshire ni ilé wọn wà. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá-bàbá rẹ̀ sì jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti York. Yunifásítì Oxford ló rán an lọ sílé aṣòfin. Ojú kò pọ́n ọn rárá.

Ní 1788, Wilberforce ń ṣàìsàn. Pitt, olórí ìjọba, ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ òwò ẹrú di ìjókòó tó ń bọ̀. Àmọ́ Dolben ti lọ wo ọkọ̀ ẹrú kan lórí odò Thames. Ọkọ̀ náà ṣófo o, wọ́n ṣì ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ibi tí wọ́n fẹ́ to èèyàn sí ṣe há tó, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni ọdún 61 ni. Tí wọ́n bá dúró di ọdún tó ń bọ̀, àwọn tí wọ́n máa kó lọ́dún yìí ńkọ́?

Ló bá gbé òfin wá: tọ́ọ̀nù 3 ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju èèyàn 5 lọ, títí dé tọ́ọ̀nù 201, lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan fún tọ́ọ̀nù 1. Dókítà gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Àwọn oníṣòwò Liverpool pariwo pé òwò àwọn máa bàjẹ́, àmọ́ òfin náà wọlé ní oṣù July. Ọkọ̀ Brookes tó ti kó èèyàn tó lé ní 600 rí, 454 ni òfin fún un.

Ẹ̀yin ará, 454 èèyàn nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ìwà ìkà ṣì ni! Òfin yẹn ò dá ẹnì kankan sílẹ̀. Àwòrán Brookes tí àwọn tó ń jà tẹ̀ jáde ló fi han ayé pé pẹ̀lú òfin náà, èèyàn ṣì há mọ́ra bí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n Dolben ò sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ó ń tún òfin náà gbé wá, ó sì dúró ti Wilberforce.

Ní 1807, wọ́n fòfin de òwò náà. Dolben kú ní 1814. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun nítorí òfin 1807 yẹn gba ọmọkùnrin Òṣogùn kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Àjàyí ni, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wa.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣe díẹ̀ tí ọwọ́ rẹ ká lónìí, má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n má pe ìdajì ní odidi o.