Job Maseko: Ọmọ ogun tí wọn kò fún ní ìbọn, àmọ́ tó fi agolo mílíìkì mú ọkọ̀ ọ̀tá rì

Ní oṣù Keje ọdún 1942, ọkọ̀ ojú omi kan tó kún fún ẹrù gbiná lójijì ní èbúté Tobruk, lórílẹ̀èdè Libya, ó sì rì. Ọwọ́ Jámánì àti Ítálì ni èbúté náà wà lásìkò yẹn.

Kì í ṣe bàálù ogun ló ju bọ́ǹbù sí i. Ẹlẹ́wọ̀n ogun kan, aláwọ̀ dúdú láti South Africa, ló ṣe é.

Job Maseko ni orúkọ rẹ̀.

Ta ni Job Maseko?

Springs, ìlú àwọn awakùsà ní ìlà oòrùn Johannesburg, ni Maseko ti ń gbé ọjà kiri fún àwọn oníbàárà kó tó lọ sógun. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti àárín Johannesburg lọ síbẹ̀ yóò gba Jeppestown kọjá, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ìkọlù sí àwọn àjèjì tó wáyé níbẹ̀ lọ́dún 2019.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Maseko wọ Native Military Corps, ẹ̀ka tí ìjọba South Africa yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n lè wa ọkọ̀, wọ́n lè gbẹ́ kòtò, wọ́n sì lè gbé àwọn tó fara pa kúrò lójú ogun, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ Maseko. Àmọ́ ìjọba kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn.

Èyí yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ja ogun Burma, tí wọ́n gbé ìbọn bíi ti àwọn ọmọ ogun yòókù. Ẹ̀rù ń ba àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣèjọba South Africa pé aláwọ̀ dúdú tó bá mọ ìbọn yìn lè fi jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó bá délé.

Agolo mílíìkì àti ẹ̀tù

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1942, Tobruk bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gágun Rommel ti Jámánì. Ó lé ní 30,000 ọmọ ogun tí wọ́n kó lẹ́rú. Maseko wà lára wọn.

Wọ́n ní kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa já ẹrù ní èbúté. Ibẹ̀ ló ti rọ ẹ̀tù sínú agolo mílíìkì, tó fi í pamọ́ sáàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù epo nínú ikùn ọkọ̀, tó sì so okùn gígùn tí iná lè jẹ díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ kọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kúrò, ó ṣáná sí okùn náà.

Nígbà tó yá, ó sá kúrò lọ́wọ́ àwọn tó mú un. Ó fẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Àmì ẹ̀yẹ wo ni wọ́n fún un?

Wọ́n fún Maseko ní àmì ẹ̀yẹ Military Medal. Àmọ́ Neville Lewis, ayàwòrán ogun tó ya àwòrán rẹ̀, sọ pé Victoria Cross, tó ga jù lọ, ni wọ́n kọ́kọ́ dábàá fún un, àwọ̀ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí i gbà.

Nígbà tí ogun parí, owó tí ìjọba fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó sìn kéré jọjọ sí ti aláwọ̀ funfun. Lọ́dún 1948, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gorí àlééfà.

Ọkọ̀ ojú irin ló pa Maseko lọ́dún 1952. Ó tòṣì débi pé owó tí wọ́n yá ni wọ́n fi sin ín.

Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní KwaThema, nítòsí Springs, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1997, ọdún 45 lẹ́yìn ikú rẹ̀, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi South Africa sọ ọ̀kan lára ọkọ̀ ogun rẹ̀ ní orúkọ ọkùnrin tí wọn kò gbà kó gbé ìbọn.