Àwọn Agbágọ́ọ̀fù Yúróòpù àti Ìdíje Ńlá Mẹ́rin

Nínú ìdíje gọ́ọ̀fù mẹ́rin tí gbogbo ayé kà sí ńlá, ẹyọ kan ṣoṣo, The Open, ló fi Yúróòpù ṣe ilé. Prestwick ní Scotland ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1860. Amẹ́ríkà ló ni mẹ́ta yòókù: U.S. Open (1895), PGA Championship (1916) àti Masters (1934). Ibi tí ìṣòro àwọn ọmọ Yúróòpù ti ṣẹ̀ gan-an nìyẹn.

Wọ́n mọ eré náà gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Willie Anderson, ọmọ Scotland tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, gba U.S. Open lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín 1901 sí 1905. Harry Vardon gba Open lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ gba ti Amẹ́ríkà ní 1900. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ted Ray ní 1920, kò sí agbágọ́ọ̀fù tó ń gbé ní Britain tó tún gbà á títí Tony Jacklin fi gbà á ní 1970. Ìrìn àjò jìn, owó rẹ̀ sì pọ̀. Bọ́ọ̀lù pàápàá kò dọ́gba: ti Britain fẹ̀ ní 1.62 íǹṣì, ti Amẹ́ríkà 1.68. Èyí tó kéré máa ń la afẹ́fẹ́ etíkun kọjá dáadáa, nítorí náà ẹni tó ti mọ́ lọ́wọ́ ní láti tún ọwọ́ kọ́ tó bá dé òkè òkun. Ọdún 1974 ni Open sọ bọ́ọ̀lù ńlá di dandan.

Ní 1980, Seve Ballesteros ti Sípéènì di ọmọ Yúróòpù àkọ́kọ́ tó gba Masters. Láti ọdún náà títí di 1999, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Yúróòpù gba ife yìí, Nick Faldo nìkan sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Síbẹ̀, láàárín ogún ọdún yẹn, wọn kò gba U.S. Open tàbí PGA lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pápá ló fà á. Augusta kan náà ni wọ́n ti ń gbá Masters lọ́dọọdún, èèyàn lè kọ́ ọ mọ́ra. Ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, koríko gígùn kò pọ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà náà, ẹni tó bá sì ní ọgbọ́n àtinúdá lẹ́bàá ihò ló ń jèrè, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀bùn Ballesteros. U.S. Open ní tirẹ̀ ń pààrọ̀ pápá lọ́dọọdún. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tín-ín-rín, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ki, àṣìṣe kékeré a sì di ìyà ńlá.

Colin Montgomerie ni èyí dùn jù. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló parí ọdún ní ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn agbágọ́ọ̀fù Yúróòpù, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ṣe ipò kejì nínú ìdíje ńlá, kò sì gba ọ̀kankan. Ní Winged Foot lọ́dún 2006, àárín ojú ọ̀nà gan-an ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà ní ihò tó kẹ́yìn. Ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló gbá a kó tó wọlé, U.S. Open ti di tirẹ̀; ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbá a.

Láti ìgbà tí Paul Lawrie gba Open ní 1999 títí di 2007, ọwọ́ Yúróòpù ṣófo pátápátá. Lásìkò kan náà, wọ́n lu Amẹ́ríkà ní Ryder Cup ní 2002, 2004 àti 2006. Èyí fi hàn gbangba pé ẹ̀bùn kọ́ ló wọ́n. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń gbá Ryder Cup, ẹnì kan sí ẹnì kan tàbí méjì sí méjì. Nínú ìdíje ńlá, èèyàn kan ló ń fi ọjọ́ mẹ́rin àti ihò 72 dojú kọ gbogbo ayé, Tiger Woods sì wà láàárín wọn nígbà náà.

Padraig Harrington ti Ireland ló fòpin sí ọ̀dá náà nígbà tó gba Open ní Carnoustie ní 2007. Ní 2010, Graeme McDowell gba U.S. Open, láti ọdún náà títí di 2014, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún ni Yúróòpù sì gbà á. Yunifásítì Alabama ní Birmingham ni McDowell ti gbá gọ́ọ̀fù. Arizona State ni Jon Rahm, tó gbà á ní 2021, ti gbá tirẹ̀. Pápá Amẹ́ríkà ti di ilé fún wọn kí wọ́n tó di agbágọ́ọ̀fù akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Kò sì tíì rọrùn fún gbogbo wọn. Lee Westwood àti Luke Donald dé ipò kìn-ín-ní lágbàáyé, wọn kò gba ìdíje ńlá kankan. Inú ìdíje ńlá kẹrìnléláàádọ́rin tó gbá ni Sergio García ti rí Masters gbà ní 2017. Rory McIlroy dúró láti 2014 títí di oṣù kẹrin 2025 kí ó tó lu Justin Rose ní Augusta, tó sì fi di ọmọ Yúróòpù àkọ́kọ́ tó gba gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.