Lapdap: Oògùn Ibà Tí Ẹ̀jẹ̀ Wa Kò Gbà

Ní 2003 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí Lapdap, oògùn ibà tí wọ́n dìídì ṣe fún àwa ará Áfíríkà. Chloroquine kò ran ibà mọ́ nígbà náà, agbára Fansidar náà sì ti ń dínkù. Ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Liverpool wà lára àwọn tó jọ ṣe é, wọ́n sì fẹ́ kó wà ní owó pọ́ọ́kú. Oògùn méjì ni wọ́n pò pọ̀: chlorproguanil àti dapsone. Dapsone kì í ṣe àjèjì. Òun ni wọ́n ti fi ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ tipẹ́.

Dapsone yìí ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ́ńsáímù tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára rẹ̀. Ìtọ̀ onítọ̀hún lè dúdú bíi Kóòkì, kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Nínú ọkùnrin Yorùbá 5, ó tó 1 tó ní irú ara bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti jogún rẹ̀. Ohun tó mú kó pọ̀ láàárín wa ni pé ó ń gbeni díẹ̀ lọ́wọ́ ibà líle. Ẹ ò rí i pé ibà fúnra rẹ̀ ló gbìn ín sí wa lára!

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun rárá. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, ṣiṣẹ́ lórí G6PD ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1964 títí di 1974. Àwọn dókítà ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá tipẹ́ nípa káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ, nítorí ó lè fa ibà pọ́njú fún ìkókó tí G6PD rẹ̀ kò tó. (Láti Ìkòyí-Ilé dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni kò mọ òórùn káńfọ̀ nínú àpótí ìyá rẹ̀?)

Nítorí náà, a kò lè sọ pé wọn kò mọ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pè jọ ní kí a máa yẹ G6PD aláìsàn wò kí a tó fún un ní Lapdap. Kẹ́míìsì wo ló ń ṣe ìyẹn? À ń wọlé, à ń ní “ẹ bá mi po oògùn ibà”, ó parí. Gbogbo wa la mọ jẹ́nótáìpù wa, AA tàbí AS; G6PD ńkọ́?

Lẹ́yìn náà ni GlaxoSmithKline fi artesunate kún un, wọ́n sọ ọ́ ní Dacart. Wọ́n dán an wò ní Burkina Faso, Gánà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn kò tó lọ sílẹ̀ gan-an, débi pé wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn kan lára. Ní oṣù Kejì ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ náà pa Dacart tì, ó sì ní kí wọ́n kó Lapdap kúrò lórí àtẹ. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n fọwọ́ sí i. Dapsone ní tirẹ̀ ṣì wà lára oògùn ẹ̀tẹ̀ títí dòní.